Kí Ni Igba Ojú Mọ̀ Ọ́ Sí?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní àdúgbò wa ní Ṣàrẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà. Mo ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi kú o!" Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó dé ìta, gbogbo ilé ti tú jáde. Ẹni tó ṣáájú gbogbo wa ni ìyá àgbà kan tó ń gbé ojúlé kẹta sí wa, ẹni tí orúnkún ń dà láàmú láti ọdún mélòó kan. Ìró rẹ̀ já bọ́ lójú ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn. Tòbí nìkan ló fi sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà lẹ́bàá títì ló nà gbalaja sílẹ̀, ohun pupa ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbindin. Ìyàwó rẹ̀, onídìrí, káwọ́ lérí, ó ń sunkún kíkorò. Bí ìyá àgbà ṣe kúnlẹ̀ tó fẹ́ gbé orí òkú lé itan, ni òkú bú sẹ́rìn-ín, ó fò dìde. Omi sobo ni ẹ̀jẹ̀ náà. Fóònù kan wà lójú fèrèsé tó ti ń ká wa sílẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń sáré bọ̀.

"Ẹ má bínú, màmá, àwàdà ni o!"

Ìyá àgbà kò sọ nǹkan kan. Ó yí padà, ó lọ ń wá ìró rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, tọkọtaya yìí wá kí mi. Ọkọ dọ̀bálẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó kí a tó gbé e sórí Facebook. Ṣé ó pa yín lẹ́rìn-ín?" Mi ò ní purọ́: ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà mọ òkú ṣe, ìyàwó rẹ̀ sì mọ ẹkún sun. Ẹ̀bùn wà lára wọn. Wọ́n sọ àlá wọn fún mi. Bí fídíò yìí bá tàn kálẹ̀, òmíràn yóò tẹ̀ lé e. Tó bá yá, àwọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní Èkó yóò ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọn yóò di gbajúmọ̀, iná wẹ́dà kò sì ní jó ojú ọkọ mọ́, ìdúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní pa ìyàwó lẹ́yìn mọ́. Mo ní kí wọ́n má tíì gbé e jáde. Wọ́n ní kí ló dé. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n rò ó. Àròkọ yìí ni èsì tí mo jẹ wọ́n.

Gbajúmọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, ibẹ̀ náà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, igba ojú ló mọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn àgbà tó tọ́ mi, gbajúmọ̀ ju ẹni tí ojú mọ̀ lọ. Ẹni tó mọ èèyàn í kí, tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tó bá dé àwùjọ tí ara tu àwùjọ, òun ni wọ́n ń pè ní gbajúmọ̀, ì báà má kọjá Ìlọrin rí láyé rẹ̀. Olè tí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, igba ojú mọ òun náà, a kì í sì í pe olè ní gbajúmọ̀. Lóde òní, a di igba ojú náà mú, a sì ju ohun tí ojú yẹn mọ ènìyàn sí nù. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Ọmọlúàbí, ọmọ tí Olú-Ìwà bí, kò ka òkìkí léèwọ̀. Àwọn baba wa kì bá tí kọ́ wa ní oríkì bí òkìkí bá burú. Ìwà kì í bi ọmọdé pé, "Kí lo fẹ́ dà?" Ohun tó ń bi í ni pé, "Ta lo máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o tó dà á?" Ìwọ̀n tí mo fẹ́ gbé tọkọtaya tiwa lé nìyẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ fi í wọn àwọn tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1951, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ eré àwàdà kan tó ń jẹ́ I Love Lucy. Ọkọ ìyàwó kan ló dá lé lórí, Ricky àti Lucy Ricardo, tí wọ́n háyà ilé ní New York. Ọmọ Cuba ni Ricky, ó ń kọrin, ó ń lùlù, ó sì ń darí ẹgbẹ́ olórin ní ilé ijó kan. Fred àti Ethel Mertz, onílé wọn, ti ṣe eré orí ìtàgé nígbà èwe wọn. Nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti tọ́ ìtàgé wò yìí, Lucy nìkan ni kò tíì dé ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń wù ú. Ohùn rẹ̀ kò dùn, ọkọ rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò hùmọ̀: ó di irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, ó wọ aṣọ aláṣọ, ó parọ́ fún ọkọ, ó ti Ethel ṣáájú. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ a dàrú, àṣírí a tú. Eré yìí rìn títí di 1957, ó sì lé ní 170 apá.

Lójú ayé, tọkọtaya gidi ni àwọn méjèèjì. Lucille Ball ló ṣe Lucy, Desi Arnaz ló ṣe Ricky. Lucille kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ eré ní New York, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, wọ́n ní kò ní ẹ̀bùn. Ọmọ olówó ni Desi ní Santiago de Cuba kí rògbòdìyàn ọdún 1933 tó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó dé Miami, lára iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni kí ó máa fọ àgò ẹyẹ. Wọ́n fẹ́ra ní 1940. Nígbà tí ọ̀rọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn aláṣẹ CBS ń ṣiyèméjì pé àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà kò ní gba ọmọ Cuba gẹ́gẹ́ bí ọkọ obìnrin wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò jà, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Ní 1950, wọ́n kó eré wọn, wọ́n gbé e lọ láti ìlú dé ìlú, bí alárìnjó ilẹ̀ wa, kí àwọn òǹwòran fúnra wọn lè sọ bóyá àwọn gbà á tàbí àwọn kò gbà á. Òǹwòran gbà á.

Ohun kan wà nínú eré náà tí Yorùbá kò gbọdọ̀ gbójú fò. Orin tí Desi fi lókìkí, tó sì ń kọ nínú I Love Lucy pẹ̀lú ìlù lọ́rùn, ni Babalú, tí obìnrin ọmọ Cuba kan, Margarita Lecuona, kọ. Babalú náà ni Ọbalúayé. Orúkọ tí àwọn bàbá wa kì í fi ṣeré nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n á kúkú sọ pé Olóde, tí wọ́n á sọ pé ilẹ̀ gbígbóná, òun ni àwọn èrò Amẹ́ríkà ń gbọ́ nínú pálọ̀ wọn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Báwo ni òrìṣà ṣe dé ibẹ̀? Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, ni wọ́n rù ú kọjá òkun nígbà tí wọn kò lè ru ohun mìíràn. Mi ò rí ẹ̀gàn nínú bí Desi ṣe kọ orin náà; gbogbo ara ló fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òkìkí ẹnì kan kì í dá dúró. Èjìká àwọn tí kò lórúkọ ló gùn, ọmọlúàbí sì ni ẹni tó rántí wo ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé Lucy àti Ricky sórí ìwọ̀n. Lucy ń purọ́ fún ọkọ rẹ̀, ìyẹn kò dára. Ricky ní ìyàwó òun kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tó wù ú, nígbà mìíràn a sì máa na án ní ìdí bí ọmọdé, wọ́n sì ń fi ìyẹn pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Ìyẹn burú ju irọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ọmọlúàbí, ì báà jẹ́ orí ìtàgé, ì báà jẹ́ inú ìyẹ̀wù. Títí dé ibí yìí, ìwọ̀n kò gbè wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀rín ti ń jáde. Nínú apá kan tí wọ́n gbé jáde ní 1952, Lucy àti Ethel lọ gbaṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ṣokoléètì. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi bébà wé e bó ṣe ń kọjá níwájú wọn lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ọwọ́ wọn kò ká a mọ́, wọ́n ń ki ṣokoléètì bọ ẹnu, wọ́n ń tì í sínú fìlà, wọ́n ń tì í sínú àyà aṣọ, nígbà tí ọ̀gá sì dé, ẹnu wọn ti wú bí ẹnu òkété. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí ọ̀gá ti ń léni kíkankíkan mọ̀ pé òtítọ́ ni eré náà. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ta ni mo ń fi rẹ́rìn-ín? Lucy ni. Kò sí aládùúgbò tí wọ́n já láyà, kò sí arúgbó tí wọ́n tú níhòòhò. Obìnrin tó ń wá òkìkí náà ló gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ fún wa, ó mọ̀ pé òun ń gbé e kalẹ̀, ó sì gbọ́n lórí rẹ̀. Níbi tí ìwọ̀n ti gbè é nìyẹn.

Ọgbọ́n kejì wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Àwọn aláṣẹ fẹ́ kí wọ́n máa ṣe eré náà ní New York. Lucille àti Desi ní Hollywood làwọn fẹ́ dúró sí, àwọn yóò sì ká a sórí fíìmù gidi. Owó rẹ̀ pọ̀. Wọ́n gbà kí wọ́n dín owó iṣẹ́ wọn kù, bí àwọn fíìmù náà yóò bá jẹ́ tiwọn. Ohun tí àwọn kan rí bí ìyà ló sọ wọ́n di olówó, nítorí pé àtúnwò bẹ̀rẹ̀, owó sì ń wọlé lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán. Ní 1957, iléeṣẹ́ wọn, Desilu, ra ọgbà iléeṣẹ́ fíìmù RKO, níbi tí Lucille ti jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù rí. Ọmọlúàbí kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tó mọ iye iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe onímọtara-ẹni-nìkan.

Ní 1960, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n há fún ayé kò ṣẹ́ kù sílé.

Àwọn kan á ní Amẹ́ríkà jìnnà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nílẹ̀ Ìgbómìnà níbí, ní Agbamu, ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn tí Òmù-Àrán jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni wọ́n ti bí Adéyẹmí Afọláyan ní 1940, ẹni tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ sí Ade Love. Ní 1966, ó lọ bá Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ó di ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tíátà nígbà yẹn kì í ṣe ẹni tó ń wọ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn lọ́rì ló ń sùn, òun ló ń ru àpótí, òun ló ń fi gbohùngbohùn kéde láàárín ìlú lọ́sàn-án, òun náà ni yóò kọrin lálẹ́. Bí èrò kò bá wá, ebi ni yóò bá wọn dé ìlú kejì. Ọdún márùn-ún ló lò kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1971. Ní 1976, fíìmù Àjàní Ògún jáde, èyí tí Ọlá Balógun darí, tí Ade Love sì ṣe Àjàní, ọ̀dọ́mọdé ọdẹ tó ń bá olóṣèlú tó gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ jà. Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e ní 1979, Kádàrá ní 1980.

Láti ìgbà tó wọ ẹgbẹ́ títí di Àjàní Ògún, ọdún mẹ́wàá ni. Mo sọ fún tọkọtaya tiwa, wọ́n pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́wàá kẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó sì wú mi lórí jù ni pé Ade Love kò bá ọ̀gá rẹ̀ jà títí ayé. Bàbá Sàlá àti ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ tún pàdé nínú fíìmù Mosebólátán láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí nǹkan kò rọgbọ fún ọ̀gá mọ́. Ẹni tó ti gòkè tó ṣì mọ ilé ọ̀gá rẹ̀, kí ni a tún ń wá nínú ọmọlúàbí? Ade Love kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Kúnlé, Gabriel, Àrẹ̀mú àti Mojí, àwọn ọmọ rẹ̀, wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àbúrò rẹ̀ Tóyìn, tí a mọ̀ sí Lọ́lá Ìdíjẹ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òun kọ́ ilé, ó sì kọ́ ọmọ.

Kí ló wá ṣe Bàbá Sàlá? Ìtàn rẹ̀ ni mo máa ń sọ nígbà tí àwọn òǹwòran bá ń dá àwọn òṣèré nìkan lẹ́bi. Wòléwòlé ni ọkùnrin yìí kí ó tó di aláwàdà. Olórin náà ni. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni King Sunny Adé ti ta gìtá nígbà èwe rẹ̀. Ó fi gíláàsì gbàǹgbà bojú, ó sọ ara rẹ̀ di ẹni ẹ̀rín kí ilẹ̀ Yorùbá lè gbàgbé ìyà fún wákàtí kan. Ní 1982, ó kó owó rẹ̀ lé fíìmù Ọ̀run Móoru. Àwọn kan jí i dà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè wọlé, Bàbá Sàlá kò sì bọ́ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lucille àti Desi di fíìmù tiwọn mú, wọ́n fi ra iléeṣẹ́. Wọ́n já ti Bàbá Sàlá gbà, ó fi di ẹni tó ń wá owó kiri. Ẹ̀bùn rẹ̀ kò kéré sí tiwọn. Àwa tó ra kásẹ́ẹ̀tì náà ni ìwà wa kéré. Olè ló kọ ọ́, àwa la sì sanwó fún olè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ṣì ń rántí Bàbá Sàlá pẹ̀lú ìfẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, gbogbo wa sì kẹ́dùn. Ìkẹ́dùn kì í san gbèsè.

Tọkọtaya òṣèré wà nínú ìtàn tiwa náà. Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, ọmọ Olla ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, Ìgbómìnà pọ́ńbélé, ni a mọ̀ sí Òrìṣàbùnmi. Ọkọ rẹ̀ ni Jímọ̀h Àlíù, Àwòrò, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tó wọ ẹgbẹ́ Akin Ògúngbè ní 1959, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ní 1966, tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1967, tó sì fi í sílẹ̀ ní 1975 láti padà sídìí eré. Ní àwọn ọdún 1980, eré Àrélù kó wọn wọ gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n, àwọn àti Fádèyí Olóró. Kì í ṣe eré àwàdà. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Bí Òrìṣàbùnmi bá la ẹnu, pálọ̀ á pa lọ́lọ́, ọmọdé á fà mọ́ ìyá rẹ̀. Orúkọ tí eré fún un ló jẹ́ títí dé ọjọ́ ikú. Ìgbéyàwó náà tú nígbà tó yá. Àwòrò kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Òrìṣàbùnmi tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Mi ò mẹ́nu kan èyí láti dá ẹjọ́ ilé wọn. Tọkọtaya kékeré tiwa ni mo ń bá sọ̀rọ̀: igba ojú kì í bá ni gbélé. Nígbà tí èrò bá túká tí iná bá kú, ẹ̀yin méjì lẹ kù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo àwàdà orí fóònù tó gbòde. Púpọ̀ nínú rẹ̀ dára, ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò ní ohun mìíràn ju kí a fi ẹni tí kò mọ̀ ṣe ẹlẹ́yà: kí a já oníṣòwò láyà, kí a da omi lé ẹni tó ń kọjá, kí a fi èdè ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Ní Ṣàrẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ ti èdè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Tápà ni aládùúgbò wa. Tsaragi, ìlú wọn, kò jìnnà. Ìjà ilẹ̀ ti wáyé láàárín ìlú méjèèjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ilé jóná, ẹ̀mí lọ. Ẹni tó bá jókòó sí ìgboro Ṣàrẹ́, tó ń fi ahọ́n Tápà pa èèyàn lẹ́rìn-ín, epo ló ń wọ́n sórí eérú tí kò tíì tutù. Aláwàdà Èkó lè ṣe é kó sùn. Ọmọ Ṣàrẹ́ kò lè ṣe é kó pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí.

Àwa náà mọ bó ṣe ń dun ni, torí pé wọ́n ń fi wá ṣe é. Ìgbà wo ni aláwàdà Èkó fẹ́ gbé ará oko sórí ìtàgé tí kò fi ohùn ará òkè sọ̀rọ̀? Síbẹ̀, ẹ wo Fúnkẹ́ Akíndélé. Láti ìgbà tó ti gbé fíìmù Jenifa jáde ní 2008, títí dé Jenifa's Diary tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2014, ọmọ abúlé tó ń wá ipò ní ìlú ńlá ló ń ṣe, tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń wó lulẹ̀ bí ògiri òjò. Kí ló dé tí kò bí wa nínú? Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló wọ aṣọ náà. Ó fún Jenifa ní ojúgbà, ó fún un ní iṣẹ́ irun, ó fún un ní ìrètí. À ń bá Jenifa rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín. Lucy àti Jenifa kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan àwa àgbà. Àwa la pe òṣèré ní alágbe. Àwa la ní a kò ní fọmọ fún wọn. Ìgbómìnà ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ọmọ eégún ni wá, inú agọ̀ eégún sì ni alárìnjó ti jáde. Ẹni tó ti rí eégún Ẹlẹ́wẹ̀ bó ṣe ń jó mọ̀ pé eré kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Bí ọmọ bá ní àwàdà lára tí a lé e kúrò nínú ilé, fóònù ni yóò lọ kọ́ ọ, fóònù kì í sì í bá ọmọ wí.

Eégún náà ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Eégún lè fò, ó lè ṣe ẹ̀fẹ̀, ó lè gbé pàṣán kí ọmọdé sá. Ṣùgbọ́n atọ́kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí eégún bá fẹ́ kọjá sí ọ̀dọ̀ aláboyún, tàbí ọ̀dọ̀ arúgbó tí kò lè sá, atọ́kùn ni yóò dá a padà, eégún yóò sì gbọ́. Bó ti wù kí agọ̀ bo ojú tó, ẹnì kan wà níta agọ̀ tó ń ríran. Bí eégún bá jó're, orí atọ́kùn náà a wú. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Atọ́kùn ni wọn kò ní. Ọmọlúàbí ni atọ́kùn aláwàdà, inú rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ máa gbé, torí pé kò sí àgbà kan tó lè máa tẹ̀ lé fóònù kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, èsì yín rèé. Fídíò náà pani lẹ́rìn-ín, kò sì dára. Ẹni tí ẹ fi ṣe é kò mọ̀ pé eré ni; ìfẹ́ tó ní sí yín ló gbé e sáré, ìfẹ́ náà lẹ sì fi tú u sí tòbí lójú gbogbo àdúgbò. Lọ́jọ́ tí ikú gidi bá dé, ta ni yóò tún sáré jáde? Ẹ pa á rẹ́. Ẹ mú ìró tuntun dání, ẹ lọ bá ìyá àgbà bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ wá wá àgbà òṣèré kan tí ẹ ó máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má fi iṣẹ́ wẹ́dà àti irun dídì sílẹ̀ ní báyìí, kí ẹ sì di àkọsílẹ̀ ohun tó jẹ́ tiyín mú dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ iṣẹ́ yín gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹni tí ìró rẹ̀ já bọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì.